Fìlà Àrán ní Ìsàlẹ̀ Ayé

Ẹni tó bá ń yin bàálù olówó pọ́ọ́kú, ọmọ rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, kò sì fẹ́ dójú ti ọmọ. Èmi ti gúnlẹ̀ ní tèmi, ẹnu mi ti yá. Bàálù mẹ́ta ni mo wọ̀ láti Èkó dé Niu Sílàǹdì, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì burú jù. Àga rẹ̀ kì í rọ̀gbọ̀kú. Orúnkún mi wà lẹ́yìn ọkùnrin tó jókòó níwájú mi títí ó fi yíjú padà wá bi mí bóyá mo fẹ́ bá òun jà. Omi, títà ni. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, títà ni. Mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta atẹ́gùn fún wa. Ìyàwó mi ti gba ọ̀nà yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ wa. Ó dé, ó ní tí ọmọ yẹn bá tún fẹ́ rí òun, kó wá bá òun ní Ọ̀wọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi nìkan ni mo lọ.

Nítorí ọmọ-ọmọ náà ni mo ṣe gbà láti jẹ gbogbo ìyà yẹn. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún, a kò sì tíì fojú kanra rí àfi nínú fóònù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, la máa ń ríra, èmi pẹ̀lú fìlà àrán mi aláwọ̀ ewé. Ìyẹn ló fi sọ mí ní Bàbá Onífìlà. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo oyè tí wọ́n fi lọ̀ mí nínú ìjọ. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé kò sí irun kankan lábẹ́ fìlà ọ̀hún. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó bà mí nínú ìrìn àjò náà ni pé kó má lọ ṣàì mọ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé inú ilé baba wa, ló dá ọ̀rọ̀ fìlà sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó wá bá mi lóko ní Ìyẹ̀rè, ó ní ọdún Igogo máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá wà lójú òfurufú. Tí Igogo bá dé, ọkùnrin kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè, ìlù kì í dún, agogo nìkan ni. Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mí ní tèmi. Lọ́dọọdún, nígbà Igogo, màá dé fìlà mi jókòó sí pálọ̀, màá máa wo tẹlifíṣọ̀n, kí Olúwa lè rí i pé n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Tí mo bá fẹ́ jáde, màá bọ́ ọ sórí àga. Olúwa náà mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé lọ́tẹ̀ yìí, fìlà méjì ni màá dé léra wọn ní Niu Sílàǹdì, kí wọ́n wá mú mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí bàálù ṣe ń balẹ̀, wọ́n ń kéde bí òtútù ìta ṣe mú tó, mo sì rántí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Igogo nílé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti ṣí fìlà kúrò lórí, ó ti kì í bọ àpò. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Mo bínú sí ọwọ́ yẹn gan-an. Mo ní kó dá fìlà padà, kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ àti àwọn tó ń tú ẹrù, orí mi ń dán láàárín àwọn òyìnbó tó fi aṣọ òtútù bo ara wọn dé etí.

Ọmọ mi dúró níta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń ti ẹrù kọjá, inú mi sì dùn pé ìlú òyìnbó kò tíì bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ọmọ kékeré náà ń wò. Ó ń wá Bàbá Onífìlà.

Bàbá rẹ̀ nawọ́ sí mi, ó ní, "Bàbá rè é."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún pé òun kò mọ ẹni yìí. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju orúnkún mi lọ.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé fìlà yín," ni ọmọ mi wí.

Mo ní, "Igogo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà, Dádì?"

Ló bá pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kó lè bá òun bẹ̀ mí. Orí ẹ̀gbọ́n mi yọ, ó ń dán bíi tèmi. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ṣé Ọ̀ghọ̀ lo wà ni?" ló bi mí, ó pe Ọ̀wọ̀ bí a ṣe ń pè é nílé. "Dé fìlà rẹ jàre. Ìwọ tó o fẹ́ dé méjì. Ọmọ ń sunkún, o ń ṣe Igogo."

Ẹni tó yẹ kó bá mi wí ti yọ̀ǹda mi. Mo fa fìlà yọ lápò, mo gbé e dání, kò ṣeé dé. N kò tíì jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì ń ṣe mí bíi pé orí tí mo ṣí sílẹ̀ yẹn nìkan ló kù tí mo fi jẹ́ ará Ọ̀wọ̀.

Ọmọ náà rí fìlà lọ́wọ́ mi. Ó dákẹ́. Ó rọra jáde lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó gba fìlà náà, ó dé e, ó bò ó lójú. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó ń yọjú wò mí lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún mi ń ké, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí.

"Ó tutù," ló wí.

Ó bọ́ fìlà náà lórí ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dé e fún mi, ó fà á wálẹ̀ títí ó fi kan etí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wò wá nínú fóònù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. N kò bọ́ ọ.