Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Kù Lẹ́nu Tíṣà Kíú

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ ní Tíṣà Kíú. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn nínú èdè náà tó àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì tí lẹ́tà Q wà nínú wọn láìsí U nítòsí. Á kọ wọ́n sójú pátákó pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn: qanat, ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀; faqir, ẹlẹ́sìn tó ń ṣagbe kiri; tranq, oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀. Bó bá délé, á tún ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá èyí tó fi ń ná ọjà. Á ní kó jẹ́ kí òun rí ojú abẹ́rẹ́, á sì bi í bóyá Q tirẹ̀ yìí kò ní ẹbí ni. Tíṣà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni apá ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ fún un bó ti ń so okùn bàtà lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò lè sọ pé ebi ń pa òun. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyàwó ti ń fi omi gbígbóná nu ojú rẹ̀, tó wò ó tààrà, tó ní, "Qanat."

Ìyàwó fi ìdùnnú pe àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń ta oògùn ní ìlú mìíràn, pé bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọmọ dé, ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ọ̀nà omi. Wọ́n gbé omi fún un, ó ti ife náà dànù. Wọ́n mú un lọ sílé ìtọ̀, ó mi orí. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ń pe ọ̀rọ̀ náà ṣáá, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí ó fi bú sẹ́kún.

Bí wọ́n ṣe ń bá a nìyẹn. Bó bá pe tranq, wọ́n á wá oògùn. Bó bá pe faqir, ìyàwó á fi ìkòkò oúnjẹ hàn án pé wọn kò tíì di alágbe. Nígbà míì wọ́n á mọ ohun tó ń wí, pé fèrèsé ló fẹ́ kí wọ́n ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà á ti di nǹkan mìíràn. Omi wá pọ̀ ju ọkà lọ.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ wá wò ó. Ó ní kí wọ́n yé wá ìtumọ̀ nínú ìwé, pé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ẹnu bàbá rí mú. Ìyàwó bi í bóyá ọkọ òun mọ ohun tó fẹ́ sọ gan-an.

Obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú. "Wọ́n mọ̀ ọ́n, mà."

Èsì yẹn ló gba agbára lára ìyàwó. Ká ní kò mọ̀ ni, ì bá sàn.

Ó gbé maṣíìnì rẹ̀ wá sí yàrá ọkọ rẹ̀, kó má baà dá wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ń pe ọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ òsì. Ìyàwó gbé ìrọ̀rí, ó gbé aṣọ ìbora, ó gbé bàtà, ó gbé ohun gbogbo tó wà nínú yàrá. Níkẹyìn, sùúrù rẹ̀ tán.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ sọ ọ́ jàre!"

Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò sì ké pè é mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ kan tí ọmọ wọn tún wálé, bàbá sọ nǹkan kan tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ ta gìrì sí ìwé, ó wá a lábẹ́ lẹ́tà yìí, ó wá a lábẹ́ tọ̀hún.

"Màmá, kò sí níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Pa ìwé yẹn dé. Sọ fún wọn pé a ti gbọ́."

Ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá mi, a ti gbọ́."

Bàbá wo ọmọ, ó wo ìyá. Ó mi orí jẹ́jẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.