Ẹ̀gbẹ́ Wo Ni Kókó Náà Wà?

Lááwàlì kì í ra páàtì ọkọ̀ láìtú páálí rẹ̀ wò. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tà á ní àdúgbò Ali Kazaure, nílùú kan lápá àríwá, bí bàbá rẹ̀ tó wá láti Ìlọrin ti ṣe tà á ṣáájú rẹ̀. Ayédèrú tó ti rí pọ̀ débi pé bí ẹnìkan bá ní kó fọkàn balẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ara máa ń fu ú.

Nígbà tí kókó yọ lábẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, ilé ìwòsàn kan nílùú náà ní ìtànṣán ni àwọn yóò fi jó o. Wọ́n fi ike ṣe ìbòjú tó bá ojú rẹ̀ mu, wọ́n ya àwòrán inú ọrùn rẹ̀, wọ́n wá ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́wàá kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi àwòrán orí òun ṣe lẹ́yìn òun? Zaynab ìyàwó rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀nà tí ìtànṣán máa gbà wọlé.

Lọ́jọ́ tó padà dé, ó kọ̀, kò gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àfi kí wọ́n fi ìṣirò náà han òun. Dúródọlá, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣe é, mú un wọ yàrá rẹ̀. Ó fi kókó náà hàn án, tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká, àti ibi tí itọ́ ti ń sun, tí wọ́n fi ìlà aláwọ̀ ewé yí ká. Ó ní kọ̀ǹpútà ti dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò, kí iná ìtànṣán lè pọ̀ lórí pupa, kí èyí tó máa kan àwọ̀ ewé sì kéré, kí ẹnu Alhaji má baà gbẹ.

Lááwàlì tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ọ̀tún ni tèmi wà. Òsì ni eléyìí wà."

Dúródọlá ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé aláìsàn dojú kọ ẹni tó ń wò ó. Àlàyé náà já geere, èyí ló sì tún ba Lááwàlì lẹ́rù jù. Àwọn tó ń ta ayédèrú kì í ṣe akólòlò. Ó dìde, ó ní òun ń lọ sílé. Zaynab bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

"Toh, Alhaji," ni Dúródọlá wí. "Ẹ jẹ́ ká lẹ irin kékeré kan mọ́ ibi tí kókó wà, ká ya àwòrán míì. Ẹ fọwọ́ ara yín lẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá Dúródọlá kò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó yọ̀ǹda. Lááwàlì lẹ irin náà mọ́ abẹ́ etí ọ̀tún fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí àwòrán jáde, irin náà ń tàn funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, lápá òsì àwòrán náà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló lọ dùbúlẹ̀.

Ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló gba ìtànṣán. Kí wọ́n tó de ìbòjú mọ́ ọn lójoojúmọ́, ó máa ń ní kí wọ́n ka orúkọ òun àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fẹ́ jó sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń kùn. Dúródọlá ní kí wọ́n máa kà á.

Awọ ọrùn rẹ̀ bó, oúnjẹ kò sì ládùn lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n itọ́ kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tún ń jẹ tùwó láìfi omi sin òkèlè kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní òun ò rí kókó náà mọ́. Lááwàlì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá ti kírun àsùbáà tán, ó máa ń fi ìka wá a lábẹ́ etí.