Àṣàrò ní Pálọ̀ Ìyá Mi

Àṣàrò ni mo ń kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ àṣetiléwá wa ò ju pé kéèyàn jókòó, kó dijú, kó máa kíyè sí èémí ara rẹ̀. Ṣé irú ìyẹn ṣeé ṣe nílé wa ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí? Aládùúrà paraku ni ìyá mi. Lójú tiwọn, ẹni tó bá dijú tí kò sọ̀rọ̀, Ẹ̀mí ló gbé e.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, mo dijú. Orin ẹ̀mí ló mú mi lajú. Ìyá mi ti sáré pe ìyá ìjọ méjì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Goresbrook. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí mi ká nínú sùtánà funfun, wọ́n na fóònù sí mi lẹ́nu kí wọ́n lè gba ìran mi sílẹ̀. Èmi tí mò ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́!

"Kí lo rí?" ni ìyá mi bi mí.

"Mi ò rí nǹkan kan, Mọ́mì."

Inú bí wọn. "Ọdún mẹ́ta gbáko lo fẹ́ fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń dijú tí kò ní rí nǹkan kan?"

Mo fẹ́ jiyàn, ni mo bá rántí. Ohun tí olùkọ́ wa ṣèlérí fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn.