Ìkíni Tí Màámi Kò Dáhùn

Ó dìgbà ná, Màámi. Ó dìgbà, abiyamọ tòótọ́, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ilé ọkọ, olùkọ́ àgbà tí kíláàsì máa ń pa rọ́rọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lọ́nà. Mo ti sunkún, n óò sì tún sun ún. Àmọ́ wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, bí mo sì ṣe mú bírò báyìí, ẹ̀rín ló ń pa mí, torí fíìmù wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ fíìmù bá ti dé, ara mi kì í balẹ̀ mọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè bá wa lọ, èmi ni Àjọkẹ́, àbígbẹ̀yìn yín, èyí tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tó lọ ń ya fíìmù. Ẹ ò bá mi jà lórí rẹ̀. Ìjà ìbá tilẹ̀ sàn. Bí wọ́n bá bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni Àjọkẹ́ ń ṣe báyìí, ẹ ó ní, "Ó ń sinmi." Ọdún méjì gbáko ni mo fi sinmi, Màámi, pẹ̀lú kámẹ́rà léjìká àti oúnjẹ tí mi ò ráyè jẹ. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín kò ju kí ẹ pe iṣẹ́ mi ní iṣẹ́.

Mo wá kọ fíìmù adẹ́rùbani kan, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Ọmọbìnrin kan ti ìrìn àjò dé, ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí àga, kò sì mọ̀ pé ìyá náà ti kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo wá ìyá àgbà tí yóò ṣe òkú náà títí, kò sí ẹni tó gbà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ní, "Ṣé kí èèyàn kàn jókòó ni?" Àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyá ìjọ kò gbọdọ̀ ṣe òkú nínú fíìmù. Èsì yín kò gùn: "Mo fẹ́ lọ wo ohun tí ọmọ mi torí ẹ̀ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀."

Ilé bàbá yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ti yà á, ní ọ̀sán gangan, a fi aṣọ dí fèrèsé. Fúnmi tó ń ta aṣọ ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló ṣe ọmọ náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ilé-ìwé girama, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó rí òkú, kí ó figbe ta. Fúnmi ṣílẹ̀kùn, ó rí tíṣà rẹ̀ lórí àga, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ gbì: "Ẹ kú ìjókòó, mà." Òkú sì dáhùn: "Òo, Fúnmi. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A tún un ṣe, Fúnmi tún kúnlẹ̀, ó tún kí yín. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ rántí pé ẹ ti kú, ẹ ò dáhùn. Ó dúró lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò yín, ó ń retí. Mo ní ó ti bà á jẹ́. Ìgbà kẹta ló tó figbe ta bí mo ṣe fẹ́, inú mi sì dùn.

Ọjọ́ tí ẹ wo fíìmù náà ni mi ò lè gbàgbé láé. Ní pálọ̀ wa nítòsí Ọjà Igbó, ẹ wọ dígí ojú, ẹ mú jọ́tà àti bírò pupa, ẹ ní: "Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá, wàá sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ 'ó kàn wù mí'." Mo ṣàlàyé ìdí tí iná fi ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, tí ìlàjì ojú fi wà nínú òkùnkùn. Mo ṣàlàyé ìdí tí a fi ń gbọ́ ìró bàtà kí a tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé orí kámẹ́rà tí mo gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbà á lẹ́nu mi: "Kí èmi tó ń wò ó lè di ọmọdé, kí gbogbo nǹkan inú ilé ga jù mí lọ." Mo fò sókè lórí àga, Màámi. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọn ò là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ń maaki lọ, ó ń dára lọ, títí a fi dé ibi tí Fúnmi ti figbe ta, tí mo fi orin tó ń kù rìrì sí i. Ẹ gbé bírò sílẹ̀.

"Èyí ò bà mí lẹ́rù. Ariwo kàn dí mi létí ni. Èyí tí Fúnmi ti kí mi dà?"

Mo ní àṣìṣe ni, mà, mo ti gé e kúrò.

"Lọ gbé e wá."

Mo gbé e wá, mo fi síbẹ̀, mo pa orin. Fúnmi kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, mà." Kámẹ́rà wà lẹ́yìn yín, gèlè nìkan la ń rí. Kò sí èsì. Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ṣe òkú náà fúnra yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àga. "Ibí lẹ̀rù wà," ẹ ní. "Ìyá wo lọmọ á kí tí ò ní dáhùn?" Mo ní kí a fi ìdákẹ́jẹ́ náà mọ sí kíka ẹẹ́ta. Ẹ ní kí n kà á dé méje. Mo ní yóò sú àwọn tó ń wò ó. "Jẹ́ kó sú wọn díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa bẹ Ọlọ́run pé kí n dáhùn." Mo gé igbe tí mo fẹ́ràn dànù.

Ọjọ́ tí a fi fíìmù náà hàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́, kí a tó ka méje tán, bàbá kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ìyá, wọ́n ń kí yín o." Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Nígbà tí a ń jáde, ẹnì kan bi yín pé kí ni ọmọ yín ń ṣe. "Fíìmù ló ń ṣe," ẹ ní. "Iṣẹ́ ni. Ṣebí ẹ̀yin náà ti rí i." Ọjọ́ yẹn ni mo bọ́ nínú ìsinmi.

Ẹ kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀. Kódà lórí ibùsùn àìsàn, nígbà tí ohùn kò jáde mọ́, ìka lẹ fi ń kan àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo bá kí yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n pè mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n kàn ní kí n máa bọ̀ nílé, torí wọn kì í túfọ̀ lórí fóònù. Mo rò pé ara yín ti yá díẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Àga yín kọ ẹ̀yìn sí mi, ìborùn yín wà lórí rẹ̀. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó ronú.

"Ẹ kú ìjókòó, Màámi."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń nu omi ojú. Mo rí i pé mo ti ń kà. Mi ò tíì dé mẹ́rin tí mo fi mọ̀. Òótọ́ lẹ sọ, Màámi, ibẹ̀ lẹ̀rù wà.

Mi ò ní fi ariwo kún un. Bí wọ́n bá ti sọ̀ yín kalẹ̀ lónìí, n óò kúnlẹ̀, n óò kí yín, n óò sì ka méje bí ẹ ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà n óò dìde, n óò gbé kámẹ́rà mi, n óò lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ ni, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, Màámi. Ẹ sùn re o.