Ẹni Tí Ẹ̀rọ Mi Ń Pè Tí Ẹrù Bá Pọ̀

Bí mo bá ń ṣe fáàrí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é, ó tọ́ sí mi. Èmi ni mo kọ kọ̀ǹpailà, fúnra mi, nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń gbé ní Ìbà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀. Ògbufọ̀ ni kọ̀ǹpailà. Ènìyàn á kọ ohun tó fẹ́ ní èdè tó yé ènìyàn, ògbufọ̀ á sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké tí ẹ̀rọ lè ṣe: gbé eléyìí, gbé e síbí, lọ sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi ni olórí àwọn alábàárù níbi tí wọ́n ti ń ta fíríìjì ní Alábà. Bíbélì Yorùbá nìkan ni Bàbá lè kà. Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ẹrù ni mo fi ṣe é. Mo ní mẹ́mọ̀rì ẹ̀rọ dà bí àdúgbò tí gbogbo ojúlé rẹ̀ ní nọ́ńbà, ojúlé kan ò sì lè gbà ju ẹrù kékeré kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ lè di ẹrù púpọ̀ pọ̀, orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, kó sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan. Struct ni wọ́n ń pè é níléèwé. Ẹrù dídì ni èmi ń pè é. Tó bá wá kọ ọ́ pé kí A gba ohun tí B ní, ìlà kan péré ni lójú tirẹ̀. Kọ̀ǹpailà mi ló máa wá bí ẹ̀dà gbogbo ẹrù tó wà nílé B ṣe máa dé ilé A, tí B náà ò sì ní pàdánù nǹkan kan.

"Ẹrù tí wọ́n kó tí kò kúrò nílé?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Irú iṣẹ́ yẹn wù mí o."

Bí mo ṣe tò ó nìyí: tí ẹrù dídì náà bá kéré, kọ̀ǹpailà mi á kọ gbé, gbé, gbé, ó parí. Tó bá tóbi, kíkọ gbé nígbà ọgọ́rùn-ún ò mọ́gbọ́n dání. Ìlà kan ló máa kọ: pe alábàárù. Abala iṣẹ́ kan ni alábàárù yìí, tí kò mọ̀ ju kó ẹrù kiri lọ. Wọ́n á sọ ibi tó ti máa gbé e fún un, ibi tó ń gbé e lọ, àti iye ojúlé tí ẹrù náà gbà.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ará Èkìtì tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn, ní, "Èdè tìẹ, èyí tí kọ̀ǹpailà rẹ ń túmọ̀, ni kí o fi kọ abala yẹn. Kọ̀ǹpailà tí kò lè túmọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀, ohun ìṣeré ni." Èmi kẹ̀? Ohun ìṣeré? Inú bí mi dé góńgó. Mo lọ kọ ọ́, mo sì fi fáàrí kún un: kó lè yá, mo ní kí alábàárù máa gbé ẹrù dídì ńláńlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ náà, ẹrù kékeré ń dé láyọ̀. Tí n bá ti fi ẹrù ńlá rán ẹ̀rọ, á dákẹ́ pátápátá. Olùkọ́ wò ó, wọ́n ní tí kò bá ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan gbáko! Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti di àgùnbánirọ̀, èmi á ṣì máa fẹsẹ̀ palẹ̀ ní Ìbà. Bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo Alábà pé ọmọ àwọn ń jáde lọ́dún yìí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá ò tíì bọ́ sùtánà. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì.

"Ìyá mi, tábìlì yẹn kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́," ni Bàbá wí fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń pe èmi ọmọbìnrin wọn. "Ẹrù kékeré ń dé?"

"Ó ń dé, sà. Ńlá ni kò dé."

"A jẹ́ pé alábàárù rẹ ni kò dáa. Báwo ló ṣe ń gbé e?"

"Ẹrù dídì ńláńlá ló ń gbé, sà, kó lè yá."

"Ta ló ń bá a gbé e rù?"

Mo wò wọ́n. "Sà?"

"Ẹrù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá gbé e ka orí ara rẹ̀. Ta ló ń bá a gbé e rù?"

"Tí ẹrù bá tóbi, kọ̀ǹpailà á pe..."

"Á pe ta ni?"

"Alábàárù, sà."

Ìyá mi tó ń ká aṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bàbá ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí!"

Ìyá mi wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí a ń kó láti Ìjànìkin bọ̀ wá sí Ìbà, Bàbá ní àwọn ò ní da àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn láàmú, àwọn á wá alábàárù míì. Wọ́n dé Ìyànà Ìbà, wọ́n bi obìnrin kan tó ń ta fóòmù. Obìnrin náà ò mọ̀ wọ́n rí. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ lọ sí Alábà, ẹ béèrè olórí wọn, bàbá pupa kan tó ní àpá léjìká. Ìyẹn kì í fọ́ nǹkan." Bàbá dúró síbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa àpá èjìká wọn.

"Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó!" Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. "Inú ṣòkòtò wọn ló wà!"

"Kí lẹ wá ṣe, sà?" ni mo bi Bàbá.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo padà sílé, mo tú ẹrù, mo gbé e níkọ̀ọ̀kan títí ó fi tán."

Mo kígbe. Àṣé alábàárù mi ló ń pe alábàárù! Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá pe ara rẹ̀, á fi àmì sílẹ̀ sí àwọn ojúlé kan kó lè rántí ibi tó máa padà sí, àmì yẹn ló kún gbogbo àdúgbò tí ẹ̀rọ fi kú. Mo tú ẹrù náà. Mo ní kí alábàárù máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e ní kékeré kékeré, kó má pe ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì Ìyá mi ò tíì jinná tí ẹrù ńlá fi dé, kò sí èyí tó já bọ́. Orí mi wú, mo jó yí yàrá ká.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ mi di ẹrù kan tó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti dán wò lọ. Ó dé. Wọ́n ní, "Ó dáa." Lẹ́nu bàbá yẹn, oríkì ni. Wọ́n wá bi mí ìdí tí orúkọ abala náà fi yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Mo ní, "Iṣẹ́ bàbá mi ni, sà." Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fún Bàbá ní ojú ìwé kan nínú ohun tí kọ̀ǹpailà mi túmọ̀. Wọ́n wọ awò wọn. Òyìnbó àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, ìka wọn ń rìn lórí ìlà títí ó fi dúró.

"A-la-ba-ru. Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Tí ẹrù bá ti pọ̀ jù fún un, ẹ̀yin ló ń pè."

Wọ́n tún fi ìka kan ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣé ó mọ̀ pé mi kì í fọ́ nǹkan?"

"Ó mọ̀, sà."