Ọkọ̀ Tí Sùnmọ́nù Rà Nítorí Waheed

Ọkọ̀ méjì ló wà níwájú Sùnmọ́nù nínú ọgbà tí Fàwáz ti ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Sharjah, nítòsí Dubai. Ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ fi gbẹ̀san lára Waheed. Kátàmaráànì kéékèèké tí mọ́tò lè fà lọ sétí òkun ni àwọn méjèèjì. Àwọn kan máa ń pe irú rẹ̀ ní ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ̀ kan ni, ikùn méjì ló ní, afẹ́fẹ́ inú ìgbòkun ló sì ń gbé e rìn.

Èyí àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òpó ìgbòkun rẹ̀ ga fíofío.

Fàwáz nawọ́ sí i. "Habibi, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, èyí ń fò ni! Irú ti Waheed gan-an. Ẹ ó lé e bá."

Èkejì ki pọ́pọ́, òpó rẹ̀ kò sì ga.

Raliat, ìyàwó Sùnmọ́nù, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Nusirat, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ni, àbí inú tó ń bí yín ló fẹ́ rà á?"

Sùnmọ́nù rìn yí ọkọ̀ méjèèjì ká. Ní ọjà Al Ras ní Dubai ló ti ń di ẹrù àwọn oníṣòwò Èkó láti ọjọ́ Ajé, orí omi nìkan ló ti ń sinmi. Òun ló kọ́ Waheed bí wọ́n ṣe ń di okùn ìgbòkun mú. Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá, ní etíkun Jebel Ali, bó ṣe bá a gbé òpó ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ró tán, Waheed kọjú sí gbogbo èrò, ó ní: "Omi ti ju agbára ẹ̀gbọ́n lọ o! Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa bá wa ṣọ́ bàtà." Ẹ̀rín tí wọ́n rín kò tíì kúrò létí Sùnmọ́nù.

Ó fọwọ́ kan òpó gíga náà. "Tí mọ́tò bá fà á détí òkun, ẹni mélòó ló ń gbé òpó yìí ró?"

"Ẹni méjì ni. Ẹni tó bá dá a gbé, á fọ́ ọ lórí."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ẹnì kan ti tó. Àmọ́ ìgbín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò lè fi bá Waheed."

Sùnmọ́nù wá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní mo fẹ́ bá a? So ìgbín náà mọ́ mọ́tò mi. Khalas, ó parí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti dá gbé òpó tirẹ̀ ró kí Waheed tó dé. Waheed ti pẹ́, ó gbójú lé Sùnmọ́nù láti bá a gbé òpó ró bíi tàtẹ̀yìnwá. Àwọn yòókù ti wà lórí omi, ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, yalla, ẹ yára wá bá mi di òpó mú!"

"Wá ẹgbẹ́ rẹ lọ."

Waheed wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ là. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù. "Mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun."

Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ àgbà, àgbà náà ló ń ní kó dìde. Bí ọmọ náà kò bá tíì gbọ́ "Dìde", ilẹ̀ ló máa wà. Sùnmọ́nù mọ èyí dáadáa. Ó fò sórí ọkọ̀, ó fa okùn, afẹ́fẹ́ kún inú ìgbòkun.

"Bàbá Nusirat!" Raliat ń pariwo létí omi. "Ẹ ní kó dìde, ẹ jọ̀ọ́! Gbogbo àwọn tó wà lórí omi ló ń wò ó!"

Ó gbọ́. Ohun tó sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó yí ìtọ́kọ̀ síbi tí omi ti jìn, kò sọ pé kí Waheed dìde.