Lọ́kà Ẹlẹ́sẹ̀ Gíga

Nílé wa, ohun tí a bá rà fún ọmọ, a máa ń rà á tóbi ni. Bàtà ọdún yìí, ọdún tó ń bọ̀ la rà á fún. A ó ki àkísà sí i níwájú títí ẹsẹ̀ ọmọ yóò fi bá a. Bó bá kan aṣọ ilé ìwé, ìyá mi á sọ fún télọ̀ pé, "Fi àyè sílẹ̀ o, ọmọ ń dàgbà." Èmi náà wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ lọ sí JSS 1. Kí n tó kún inú rẹ̀, mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lé mi. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó ní kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohùn tíṣà sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì odò. Nígbà tó yá, mo yéé fetí sílẹ̀. Nígbà tó tún yá, mo yéé lọ. Mo wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì wà di òní.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin fi ká mi lára nígbà tó fẹ́ wọ ilé ìwé girama ní Odígbó. Òun ni àbíkẹ́yìn wa. Etí rẹ̀ ọ̀tún gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ti òsì kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà kékeré tó ti ń ṣọyún. Ní Omifúnfun, níbi tí bàbá wa ti ń dáko kòkó, àwọn ọmọ ilé ìwé kò pọ̀, iwájú ló sì máa ń jókòó, nítorí náà kò sẹ́ni tó ka etí yẹn sí. Ó mọ̀wé. Òun ló máa ń ka Bíbélì fún ìyá wa lálẹ́, bó bá sì dé ibi orúkọ gígùn-gígùn, kì í fò ó. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé eléyìí kò ní fi ilé ìwé sílẹ̀ bíi tèmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Ilé ìwé náà ní kí ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan gbé àga àti lọ́kà tirẹ̀ wá, pẹ̀lú ìgbálẹ̀, àti àdá tí wọn yóò fi ṣán koríko tó ti bo ọgbà látìgbà ìsinmi. Ìyá mi, tó ti wá ń gbé Odígbó báyìí nítorí gaàrí tó ń yan tà, fẹ́ ra lọ́kà tí wọ́n ń kàn tà lẹ́bàá títì. Mo ní ká má tún sọ irú rẹ̀ mọ́. Kí èmi jẹ́ káfíńtà, kí àbúrò mi wá máa jókòó sídìí pákó tí ìṣó ń yọrí lára rẹ̀?

Igi ìdígbó ni mo lò, èyí tó ṣẹ́ kù lára ilẹ̀kùn tí a kàn fún oníbàárà kan. Mo fá a, mo fi sáńpépà ha á títí tó fi ń dán. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rántí bàtà, mo rántí ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ tí ọmọ JSS 3 yóò lò ni mo gé fún ọmọ JSS 1.

Ọ̀gá mi yí i po, ó gbá a lórí.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Àbúrò mi ni, sà."

"Ṣé pásítọ̀ ni? Torí àga ìwàásù ni mò ń wò yìí."

"Ó máa dàgbà bá a, sà."

"Ó dáa. Kó tó dàgbà bá a ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ọ̀kadà ni mo fi gbé e lọ sí Odígbó, mo gbé lọ́kà lé itan, mo fi àga kọ́ apá. Ọlọ́kadà náà ń ráhùn láti Ọ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá, igi wo lẹ fi kan nǹkan yìí? Ó fẹ́ dá wa sílẹ̀ o."

"Ìdígbó ni."

"Ìdígbó ń lọ sí Odígbó! Ó yẹ kó mọ̀nà, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju tèmi lọ."

Ní ọjọ́ ìwọlé, èmi ni mo ru lọ́kà náà tẹ̀lé àbúrò mi. Tíṣà kíláàsì wọn jẹ́ obìnrin kan tí kì í pariwo. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí òun kó tó wọlé, òun náà sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbàlagbà ṣe ń dá àlejò lóhùn. Mo dúró sídìí fèrèsé níta. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tiwa, ẹgba ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀.

Ó sọ òfin kíláàsì ní òyìnbó, ó tún un sọ ní Yorùbá. Bí òun bá wọlé, kí wọ́n dìde. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó nawọ́. Ẹni tí nǹkan ò bá yé, kó sọ, òun ò ní na ẹnikẹ́ni tórí pé nǹkan ò yé e. Ó wá mú igi ìgbálẹ̀ kan tó ti ṣẹ́, ó fi okùn so ó kọ́ ara ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Páàsì wa nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, á mú un dání lọ. Tí kò bá tíì gbé e padà dé, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ jáde."

Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rín in. Àbí ìtọ̀ yín máa ń ṣèpàdé ni, tó fi ń gbọ̀n gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà?"

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n to lọ́kà. Àwọn kúkúrú níwájú, àwọn gíga lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa dí ẹlòmíràn lójú. Bí òun bá ti tò wọ́n lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí tí wọn yóò fi gba ìsinmi. Ariwo igi gba gbogbo kíláàsì. Nínú ariwo yẹn ló béèrè pé, "Ṣé ẹnì kan wà tí ohun kan ń ṣe, ojú ni o, etí ni o? Kó wá sọ fún mi."

Mo gbọ́ ọ. Mo ń retí kí àbúrò mi nawọ́. Kò nawọ́. Ó ń ti lọ́kà rẹ̀ lọ sẹ́yìn, tíṣà wà lápá òsì rẹ̀. Etí tí ìbéèrè náà ń wá ni ìbéèrè náà gbà kọjá.

Èmi ńkọ́, tí etí mi méjèèjì pé? Ká má purọ́, lọ́kà ni mò ń wò. Nínú gbogbo èyí tó wà ní kíláàsì yẹn, kò sí èyí tó ń dán tó o. Ó dúró lẹ́yìn níbẹ̀, ó ga ju gbogbo wọn lọ bí ọba láàárín ìjòyè, inú mi sì dùn. Mo bá ọ̀kadà padà sí Ọ̀rẹ̀.

Oṣù náà ti ń parí kí n tó ráyè wá sílé. Àbúrò mi kí mi, ó bu omi fún mi, ó dúró tì mí.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi gé ẹsẹ̀ lọ́kà mi?"

"Gé kí ni?"

"Ó ga jù, sà."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá ó mọ iye ọjọ́ tí mo fi fá igi yẹn. Mo ní àwọn ọmọ tó ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù wà láyé yìí, wọn ò rí irú rẹ̀. Mo pè é ní aláìmoore. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó lọ bá ìyá wa nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ tí ìyá mi ń pè é. Ó pè é, kò jẹ́. Ó tún pè é, kò jẹ́. Wọ́n sì jókòó ti ara wọn. Ìyá mi wá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì yíjú sí i kíá, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè é. Apá òsì rẹ̀ ni ìyá mi wà.

Mo dìde, mo lọ jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, mo mú ẹ̀gẹ́ kan, mo ń bó o.

"Ní kíláàsì yín, ṣé o máa ń gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ?"

Ó ń bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ. "Mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n bá bínú."

"Tíṣà yín yẹn sì rèé, wọn kì í pariwo."

"Wọn kì í pariwo," ó ní. "Wọn kì í sì í tètè bínú."

Ìyá mi ló wá tú ìyókù. Àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ ọ́ ní Dìde-Kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dìde, àwọn yòókù ló máa ń wò kó tó mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, ìwé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń yọjú wò. Ó ti ń sọ pé bóyá kí òun máa bá ìyá wa yan gaàrí.

"O ò ṣe sọ pé o ò gbọ́ràn níbẹ̀?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ kàn án fún mi," ó ní. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé kò dáa."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ayùn àti òòlù, mo tẹ̀lé e. Tíṣà náà wo ayùn, ó wo ojú mi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn ni mí. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn. Lọ́kà rẹ̀ ni mo fẹ́ gé, kó lè bọ́ síwájú."

Ó yíjú wo lọ́kà tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ béèrè, mà. Mo wà lójú fèrèsé."

Kò sọ pé kí ló dé tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Ó kàn mi orí, ó ní, "Mo rò pé ó ń ṣorí kunkun ni. Mo ti ní kó wà lórí ìdúró rí, nítorí pé kò tètè dìde." Ó fọwọ́ nu ẹfun lára aṣọ rẹ̀. "Ẹ lọ gé e."

Abẹ́ máńgòrò ni mo ti gé e, lákòókò ìsinmi ráńpẹ́. Àwọn ọmọ pagbo yí mi ká. Igi tí mo fi de ẹsẹ̀ lọ́kà náà pọ̀ wà nísàlẹ̀, mo kọ́kọ́ ní láti fi òòlù gbá a kúrò, kí n tún un kàn sókè. Mo gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé e dúró, ó ń mì. Mo tún gé díẹ̀ lára ọ̀kan, ó tún ń mì sápá kejì.

"Bọ̀dá, ẹ máa gé e dé ilẹ̀ o!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, á di ọpọ́n ayò!"

Àbúrò mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó dúró tán, tíṣà gbé e síwájú fúnra rẹ̀, lápá ibi tí etí ọ̀tún ọmọ náà yóò máa kọjú sí òun. Ó wá bọ́ síta, ó ṣa ọ̀kan nínú àwọn ègé ẹsẹ̀ tí mo gé sílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Igi yìí dáa o. Páàsì wa ti sọnù. Ẹ bá mi lu ihò sí i."

Mo lu ihò sí i, mo fi okùn bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ní kíláàsì yẹn kì í béèrè páàsì mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú ẹsẹ̀." Wọ́n ní tíṣà tó wá bá wọn kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ kan kò mọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ta ni?

Orúkọ Dìde-Kẹ́yìn kò lọ. Àwọn ọmọ kì í tètè gbàgbé irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ pé àbúrò mi ló máa ń kọ́kọ́ dìde báyìí, àwọn ọmọ á sì máa pariwo, "Dìde-Kẹ́yìn ti dìde o!" kí àwọn yòókù tó rántí dìde.

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ aláìmoore yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n kì í sábà bẹ àbúrò. Mo máa ń ra búrẹ́dì lọ fún un láti Ọ̀rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò sì bi mí pé ti kí ni.

Ó ti wà ní JSS 2 báyìí. Ó ti ga. Mo dé ilé ìwé wọn lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo rí i pé eékún rẹ̀ ń gbá abẹ́ lọ́kà, ó yọ ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Ègé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ṣì wà nílé, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná. Mo ní kí n gbé wọn wá, kí n kàn wọ́n padà, kí n gé ìkẹrin mìíràn kún un.

"Rárá o, Bọ̀dá mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tó bá ga, ẹ̀yìn ni wọ́n á tún gbé e lọ."

Mo wo eékún rẹ̀. Mo ní, "Kò dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ wọn."